Ojúde Tí A Kò Fàmì Sí

"Ẹkùn! Ẹkùn ni mo wí, kì í ṣe ẹkún! Ìbíyẹmí, ta ló di òwú sí ọ létí?"

Ohùn Bàbá Ọdẹ́jìnmí la ojúde já, ó gbá ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó sì padà wá bá mi létí èbúté níbi tí mo ti ń so okùn ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi lọ́mọ ni Bàbá, àwọn sì ni olórí ilé wa. Wọn ò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti wọ yàrá mi lọ, wọ́n gbé àpótí aṣọ mi jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kan lé e bí ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹfọ̀n.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni mo wí. "Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà ló gbọ́. Ẹja inú omi náà gbọ́."

Àwọn tó ń to àga síta fún àlejò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára gbójú sápá ibòmíràn nígbà tí Bàbá wò wọ́n. Bàbá ní kí n má fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní òní ni ìjọba ń fàmì sí orúkọ ilé wa títí ayé, bí àmì náà bá sì kọrí sókè, kí n gbé àpótí mi, kí n padà sílé ọkọ tí mo ti sá wá. Wọ́n wá sọ èyí tó ti ń jẹ wọ́n lára tipẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ kí àlejò lè gbọ́.

"Àbí ilémosú ni yóò wá máa pe orúkọ ilé fún wa?"

Ilémosú ni mí lóòótọ́, mi ò sì fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n bi ara wọn léèrè ìdí tí ìjọba fi fi ìwé-àṣẹ amọ̀nà lé ilémosú lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé wa jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún tí wọ́n ń retí kí omi fúnra rẹ̀ káàánú wọn, èmi ni mo wọ ẹrẹ̀. Mo tún fi ìkan lé e.

"Àti pé, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ pátákó yẹn. Ẹ̀yin lẹ ò fàmì sí i."

 Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń pa Bàbá lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Pátákó náà ṣì wà lókè ìlẹ̀kùn ńlá, páànù tó ti dípẹtà: OJUDE EKUN. Bàbá ló fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn, kí omi tó gba àdúgbò. Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n fàmì sí i, Bàbá dáhùn pé ta ni kò mọ̀. Bí àwa Yorùbá ti rí náà nìyẹn. A máa ń rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹkùn ni wọ́n ń pe bàbá ńlá wa, ọdẹ tí ẹranko ń yà lọ́nà fún, ojúde rẹ̀ sì ni. Omi dé, ó bo Ìsàlẹ̀ Ọ̀sà, ènìyàn sá. Pátákó ò sá. Nígbà tó wá di pé ìlú fẹ́ fa omi kúrò ní àwọn àdúgbò tí àlejò bá lè máa wá wò, wọ́n rán ẹ̀rọ kan tí ń fò bí àwòdì pé kó lọ ka orúkọ ibi gbogbo wá. Ẹ̀rọ ò mọ bàbá ńlá ẹnikẹ́ni. Ó ka EKUN, ó wo ahoro ilé tí omi ń wọlé tó ń jáde lójú fèrèsé rẹ̀, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì kéde fún gbogbo ayé pé ibì kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Ojúde Ẹkún.

Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí wá sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tíì gbé nínú àwọn ilé gogoro Òkè-Àwọsánmà kò tíì mọ ohun tí omi ojú jẹ́. Ẹ̀gbà kan wà tí wọ́n ń fi sí ọrùn-ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ níbẹ̀, Ìbàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí omi bá fẹ́ yọ lójú rẹ, Ìbàlẹ̀ á fún ọ lọ́wọ́ ṣinṣin, ara rẹ á tutù wọ̀ọ̀, omi á padà síbi tó ti ń bọ̀. Bí ẹ̀kán kan bá jàjà bọ́, ọ̀gá rẹ á ti gbọ́ kó tó dé àgbọ̀n. Mo fi ẹ̀gbà yẹn sin òkú bàbá mi. Gbogbo ènìyàn ń bá mi yọ̀ pé mo ṣe akin.

Òfin ló dè wá, òfin mìíràn ló sì tú wa. Ibi gbogbo ní Èkó gbọ́dọ̀ ṣe bí orúkọ rẹ̀. Ará Òkè Ìdákẹ́ ò gbọdọ̀ fọn fèrè ọkọ̀. Ará Ìta Ọsàn gbọ́dọ̀ gbin ọsàn, kódà kó jẹ́ lórí òrùlé. Àwọn ará Ìta Ẹlẹ́dẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ààfáà, ṣì wà ní kóòtù títí di òní. Àwa wá ń jẹ́ Ẹkún, nítorí náà, bí àtẹ́lẹsẹ̀ àlejò bá ti kan pákó èbúté wa, Ìbàlẹ̀ á là fúnra rẹ̀, pàá. Lọ́jọ́ tí mo sá dé látilé ọkọ, tí tèmi là, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ mo sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dìde tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gbálẹ̀.

Àwọn àlejò ń wá, ìjọba gbé ẹ̀rọ afami wá. Omi ń lọ, ilé ń yọrí. Àwọn tó ti sá padà dé, wọ́n ń rẹ́ ògiri, wọ́n ń kan òrùlé, òórùn ọ̀dà àti pákó tuntun gba gbogbo ìgboro. Ìyá Sàrátù ń ta àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí omi ojú rẹ̀ bá ti gbàgbé ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló ṣòro fún wa láti kọ́: a ò gbọdọ̀ sọ fún àlejò tó ń sunkún pé "ó tó." Ẹ wo Yorùbá, kí ènìyàn máa ké níwájú rẹ̀ kó má sọ pé ó tó, kó má sọ pé ẹ má sunkún mọ́. Ahọ́n wa ń yún wa. Àwọn kan nínú wa máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ọdẹ́jìnmí ò kọ́ ọ rárá. Bí wọ́n bá ti jáde báyìí, "Ó tó, ó tó, kí ló dé?", àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá á sì fa ikun símú, á máa tọrọ àforíjì. Mo ti gbé Bàbá wọlé lójú agbo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ kí ìjà òwúrọ̀ náà tó bẹ́ nìyẹn. A ò tíì parí rẹ̀ tí ariwo fi sọ lójú omi. Ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀sà lọ́jọ́ náà débi pé ènìyàn ì bá fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí wọn, wọ́n fi àsíá àti ìmọ̀ ọ̀pẹ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo wọn sì ń yà fún ọkọ̀ ìjọba méjì tó ń bọ̀. Èyí tó ṣíwájú gbé ẹ̀rọ olóòlù. Èyí tó tẹ̀lé e gbé nǹkan ńlá kan tí wọ́n fi tapólì bò, nǹkan náà sì ń mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Fágbohùn, aṣojú Ilé-Iṣẹ́ Ìgbafẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹrẹ̀ ò tíì kan bàtà rẹ̀ rí. Bó ti tẹ pákó wa, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ là. Ó yára fi ọwọ́ kejì dì í mú, ó dì í mú báyìí títí tí ọ̀rọ̀ fi parí, bí ẹni tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ já láàrin ọjà. Mo ní kó fi ọwọ́ sílẹ̀, pé a ò ní wò ó. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa. Orúkọ tí a ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí, ìdánwò ni. Lónìí, wọn yóò lu àmì sára pátákó idẹ, pátákó idẹ kì í sì í yí padà. Ohùn amọ̀nà ni ẹ̀rọ olóòlù ń tẹ̀ lé: ẹ̀ẹ̀kan ni amọ̀nà yóò pe orúkọ, kò sí àpètúnpè. Bó bá pè é ní ẹkún, ilé-ẹkún ni wá títí. Bó bá pè é ní ẹkùn, Ìbàlẹ̀ ò ní í là níbí mọ́, àlejò ò ní í sunkún níbí mọ́, ohun tó wà lábẹ́ tapólì yóò sì di tiwa.

Mo bi í léèrè èwo ni ìjọba fẹ́.

"Ọ̀kan náà ni lójú wa, Madam. Àlejò á máa wá, ẹ̀rọ afami á máa ṣiṣẹ́. Èyí tó bá wù yín."

Ó mi orí sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fa tapólì kúrò.

Mo máa purọ́ bí mo bá ní orí mi ò wú. Ẹkùn ni. Irin ni wọ́n fi rọ ọ́, ṣùgbọ́n irin tó ń rọ̀ tó ń le bí iṣan, iná kékeré ń tàn nínú gbogbo tóótòòtó ara rẹ̀, ìrù rẹ̀ ń ya ojú omi. Ó fò kúrò nínú ọkọ̀, ó balẹ̀ sáàrin ojúde láìdún, gbogbo àdúgbò sì hó yèè. Àwọn ọmọdé ti gùn ún lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n má gùn ún. Ó rìn láàrin èrò lọ tààrà bá Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ó tẹ orúnkún iwájú rẹ̀ méjèèjì, ó sì fọhùn, ohùn tó ń ti ilẹ̀ jáde.

"Ẹ kú ilé o, ọmọ Ẹkùn."

Mo wo Bàbá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi mọ wọ́n ní ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Bàbá nà ró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹranko irin náà. Inú mi dùn fún wọn débi pé mo gbàgbé àpótí mi tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí ojúde wa bí yóò ti rí: ẹkùn ńlá lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ láti gbogbo ayé, orúkọ bàbá ńlá mi lẹ́nu òyìnbó àti Ṣáínà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹkùn ni. Ta ni kò mọ̀?

Ìgbà náà ni ọwọ́ kan fà mí láṣọ.

Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú tí àwọn òṣìṣẹ́ Òkè-Àwọsánmà máa ń wọ̀. Ó ní orúkọ òun ni Ṣùbọ̀lá. Ẹ̀gbà rẹ̀ ti là, ó dì í sí ọwọ́ kejì, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní, kò sì tíì sunkún rẹ̀. Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n fún òun láti ìgbà náà nìyí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní wọ́n ń ti ibí yìí pa lónìí.

"Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?" ni ó bi mí.

Mo ní ó ṣeé ṣe títí òòlù yóò fi balẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí àwọn ìyá wa ti ń nà án, ó ṣí ẹnu, ohùn ò jáde. Ìyá Sàrátù gbé àlùbọ́sà dìde, mo mi orí sí i pé kó jókòó.  Lẹ́yìn náà ni ohùn náà dé, kò sì dé bí ẹkún. Ó dé bí ìgbà tí wọ́n bá fa ìlẹ̀kùn tí omi ti mú wú. Ó pe ọmọ náà lórúkọ. Ó tún un pè. Ojúde tó ń hó dákẹ́ fẹ́mú, àwọn ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹkùn.

Ẹkùn irin yí orí padà. Ó na etí, iná ara rẹ̀ yí di pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù, ó ń bú kíkankíkan títí ohùn obìnrin náà fi rì sábẹ́ tirẹ̀. Fágbohùn ní kí a má bínú, wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí àlejò gbọ́ ohun tí kì í ṣe ìgbafẹ́. Ó tẹ nǹkan kan, ẹkùn dákẹ́. Obìnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó bú. Ó ń sunkún lọ.

Bàbá Ọdẹ́jìnmí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkùn wọn, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà.

 Gbogbo àwa ará ilé mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo sáré, àmọ́ èrò pọ̀ láàrin wa, Bàbá ti débẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n lóṣòó níwájú ọmọbìnrin tí wọ́n ì bá bí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n la ẹnu, mo rí i tí ahọ́n wọn ti gbé "ó" sókè láti sọ "ó tó." Wọ́n gbé e mì. Ọ̀fun wọn ròkè, ó rodò.

"Sun ún, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Sun ún dáadáa."

Nígbà tí wọ́n dìde, èmi ni wọ́n kọjú sí. Mo rò pé ìjà ti parí. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni Bàbá, bí wọ́n ti ń yọ́ ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ń di ìbọn mú. Wọn ò pariwo mọ́.

"Ẹkún yẹ ènìyàn, Ìbíyẹmí. Kò yẹ orúkọ. Orúkọ ń ro ọmọ. Ṣé bí wọ́n á ṣe máa kí àwọn ọmọ wa nìyí títí ayé, ẹ kú ilé o, ọmọ ẹkún?"

 Òótọ́ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò kejì, wọ́n ń fi ṣe àwọn ọmọ wa yẹ̀yẹ́ lójú omi, ọmọ ẹkún, ọmọ ẹkún, ẹ bá wọn nu imú. Mo sì ti gbá ọ̀kan nínú wọn létí.

Fágbohùn pè mí. Àga wà níwájú ẹ̀rọ, pátákó idẹ ti wà lórí owú alágbẹ̀dẹ, wọ́n ti gbẹ́ lẹ́tà ńlá sí i: OJUDE EKUN, kò tíì lámì kankan, bí i ti páànù Bàbá gẹ́lẹ́. Òòlù rọ̀ lókè rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Èrò súnmọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ dìde dúró, ọkọ̀ ń fì. Ẹnì kan kígbe pé kí n ṣe é ní ẹkùn. Ẹnì kan kígbe pé ẹkún. Láàárín ìṣẹ́jú, ojúde ti pín sí méjì, wọ́n ń gbé ohùn sókè, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá ń wò wá, ó jọ wọ́n lójú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń pariwo lé ara wa lórí.

Mo dé ìdí àga, mi ò jókòó. Mo yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹkùn ló kọ́ ilé yìí, mo gbà. Ẹkún ló yọ ọ́ nínú omi. Èwo nínú wọn lẹ ní kí n ṣe aláìmoore sí?"

Bàbá ò ronú rárá.

"Èyí tí kì í ṣe bàbá rẹ."

Wọ́n sì padà sídìí àpótí mi, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e.

Mo jókòó. Ìjókòó àga náà tutù. Fágbohùn gbé gbohùn-gbohùn sí mi lẹ́nu, ó ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ dúró ju èémí kan lọ láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gbogbo ojúde dákẹ́. Ẹkùn tún tẹ orúnkún, ó ń retí. Lẹ́bàá ògiri, ohùn kan ṣoṣo ló ṣì ń lọ, ó ti rẹ̀, kò sì tíì tán.

"Ojúde," ni mo wí.

Òòlù balẹ̀ gbàà, àmì òkè bọ́ sórí U àkọ́kọ́. Idẹ kọ mọ̀nà.

Mo mí.

"Ẹ—"

Òòlù yà sábẹ́, ó ta Ẹ ní ẹsẹ̀, ó tún gòkè, ó dúró lókè lẹ́tà tó kù, ó ń gbọ̀n.

"—kún."

Ó balẹ̀. Gbàà. Àmì òkè.